Dókítà Olúgbénró Job Fásùyì, Ẹni Inú Kàlẹ́ńdà Ọdún 2001

Ìlúpéjú-Èkìtì ni a ti bí Olúgbénró Job Fásùyì ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta ọdún 1957. Bàbá rẹ̀ ni olóògbé Josiah Fásùyì, àgbẹ̀ oníkòkó, tó tún jẹ́ olórí àwọn akọrin nínú ìjọ. Ìyá rẹ̀ ni Màmá Adébísọ́lá Fásùyì, aláró, tí ìkòkò aró wọn kún ẹ̀yìnkùlé débi pé àwọn àlejò máa ń bèèrè ibi tí àwa fúnra wa ń gbà kọjá. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, méjì kú ní kékeré. Ó wá ku Moses, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n, àti Gbénró, tí í ṣe àbíkẹ́yìn.

Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì dábàá pé kí a jẹ́ kí olùkọ́ kan bá wa kọ ìtàn yìí, kó lè dùn ún gbọ́. Ẹbí dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹbí sì kọ̀. Moses ló kọ ọ́. Níbi tí kò bá ti dán, ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́, ẹ fojú fò ó.

Ní ọdún 1963, Gbénró bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ nígbà náà. Kíláàsì kẹrin ni Moses wà nígbà tí tísà kan nà án nítorí máńgòrò tí kì í ṣe òun ló ká a. Ó ní òun kò ní padà wá àfi tí tísà náà bá bẹ òun. Tísà náà kú ní ọdún 1988, kò bẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, gbogbo ohun tí ilé wa ń retí láti inú ìwé, orí Gbénró nìkan ló kù sí.

Kò já wa kulẹ̀. Láti kékeré ló ti máa ń lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró ìyá wa, tí á máa bèèrè pé ewé tútù ni wọ́n kó sínú rẹ̀, báwo ló ṣe di búlúù. Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe bá a. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó parí girama, ó gba ìwé mẹ́wàá ní ọdún 1975. Ó wọ yunifásítì ní ọdún 1977, ó kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, ó sì parí ní ọdún 1981. Ó sin ilẹ̀ bàbá ní Yola. Lẹ́yìn náà ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Adó-Èkìtì, ó sì ń fi ìyẹn gba dìgírì kejì.

Ní ọdún 1988, ó fi Olútóyìn ṣe aya, olùkọ́bìnrin tí wọ́n jọ ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé, èyí tí a fi ń pe ènìyàn ní Dókítà láìjẹ́ pé ó ń fún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ tó dì mú kò ju ọ̀rọ̀ ìkòkò Màmá lọ: ìdí tí aró èlú kì í fi í kúrò lára aṣọ. Ó gbà á ní ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ti yunifásítì pa, wọ́n ṣí i, wọ́n tún tì í. Bí omi bá wà, iná kò ní sí. Kẹ́míkà tí ó nílò á dúró sí èbúté títí tí yóò fi bàjẹ́. Ó fara dà á. Ní ọdún 1995, wọ́n fi oyè náà dá a lọ́lá.

Màmá wá síbi ayẹyẹ náà. Wọ́n fi ọwọ́ kan aṣọ pupa tí wọ́n wọ̀ fún ọmọ wọn, wọ́n wò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n ní aró rẹ̀ kò dára, pé á ṣí. Ojú gbogbo wa ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ Gbénró ti wá gbọwọ́ Màmá, tó sọ pé, “Màmá, ẹ má dààmú. Ọmọ yín kò ní lọ síbì kan. Àga rẹ̀ ti wà nílẹ̀.”

Ẹbí fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ní ìjọba ti fòfin de gbígba òṣìṣẹ́, pé kí ó lọ sinmi nílé, wọn yóò pè é. Ẹbí mọ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà. A kò kọ ọ́ síbí, kó má baà gbádùn pé òun wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1996, Gbénró kó ìyàwó àti ọmọ wá sí Ọgbà ní Èkó, sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà níbẹ̀, tó ń ṣe géètì àti irin ojú fèrèsé. Olútóyìn rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Agége. Gbénró bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ilé iṣẹ́ ni gbogbo àyíká wa, láti Ikẹja dé Oregun. Ó wọ ilé iṣẹ́ ọ̀dà, ó wọ ti ọṣẹ, ó wọ ti oògùn, ó wọ ti aṣọ. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ fún un pé ìwé rẹ̀ ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ tí àwọn ní. Ọ̀gá kan bi í léèrè ohun tó sá fún níbi tó ti ń bọ̀. Òmíràn wo ìwé rẹ̀ títí, ó ní bí òun bá gba irú ènìyàn yìí síṣẹ́, ọjọ́ wo ni yóò gba àga òun?

Ní ọdún 1998, ó kó ìwé ẹ̀rí oyè ọ̀mọ̀wé àti ti dìgírì méjèèjì pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mú ìwé mẹ́wàá nìkan dání, ó lọ sí ilé iṣẹ́ aláṣọ kan ní Oregun. Wọ́n gbà á lọ́jọ́ náà. Ibi tí wọ́n ti ń po aró ni wọ́n fi í sí, abẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Yẹ̀kínì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó jẹ́ hẹ́dímáànù níbẹ̀. Wọn kò mọ Gbénró níbẹ̀. Jóòbù ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá ti ń wọlé nírọ̀lẹ́, búlúù ni èékánná rẹ̀. Ọwọ́ Màmá nìkan ni a ti rí i bẹ́ẹ̀ rí nílé wa.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1999, àwọn ṣọ́jà lọ, àwọn alágbádá gbàjọba. Ọ̀pọ̀ nínú yín á rántí bí ara ṣe yá wa. Gbénró ní wọn yóò mú òfin náà kúrò báyìí, yunifásítì yóò gba ènìyàn. Ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì, ó fi wọ́n kọ́, ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ wọ́n. Bí rédíò bá ti dárúkọ yunifásítì, á ní kí gbogbo ilé dákẹ́. Ọdún náà parí. Nígbà Kérésì, Màmá bi ẹ̀gbọ́n léèrè ní Ìlúpéjú pé, “Moses, ṣé wọ́n ti fún un ní àga náà?” Ẹ̀gbọ́n ní ó kù díẹ̀.

Ní ìparí ọdún 2000, ẹgbẹ́ ọmọ Ìlúpéjú tí wọ́n wà ní Èkó, tó máa ń pàdé ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọgbà, fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ẹgbẹ́ ìlú ṣe máa ń ṣe. Gbénró kì í lọ sí ìpàdé náà mọ́, nítorí bó bá ti dé, wọn yóò ní kí Dókítà wá jókòó síwájú, yóò sì máa fi èékánná rẹ̀ pamọ́ sínú àpò. Ẹ̀gbọ́n ló mú fọ́tò aṣọ pupa náà jáde, ó ní àárín gbùngbùn ni kí wọ́n fi í sí. Àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú bi í léèrè ohun tí wọn yóò kọ sábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ pé: Dókítà Olúgbénró J. Fásùyì, Olùkọ́ Àgbà ní Yunifásítì. Kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀ ni, kì í ṣe ti ọdún tó ti lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àga wà nílẹ̀. Ẹbí kò rí irọ́ níbẹ̀ nígbà náà, ẹbí kò sì rí i títí di òní.

Nígbà tí Gbénró rí i, ó jókòó sórí àga onígi ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Lẹ́yìn náà ló ní, “Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín in. Mo níṣẹ́ lọ́wọ́.” Ẹ̀gbọ́n ní èyí tó ní lọ́wọ́ yẹn kì í ṣe iṣẹ́. A pín in. Láti Ọgbà dé Abúlé Ẹ̀gbá, kò sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tàbí ilé oníbúrẹ́dì tí a mọ̀ tí kàlẹ́ńdà náà kò sí. Ti àkọ́kọ́ ni ẹ̀gbọ́n gbé lọ fún Màmá. Wọn kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá wọlé ni wọ́n ń ní kó ka ohun tó wà lábẹ́ fọ́tò náà fún àwọn.

Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Àlàbá, jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ aláṣọ kan náà. Ọ́fíìsì ni tirẹ̀, kò wọ ibi tí wọ́n ti ń po aró rí, kò sì mọ̀ pé Gbénró wà níbẹ̀. Nígbà tí ọdún tuntun dé, ó mú kàlẹ́ńdà kan lọ fún ọ̀gá tó ń gba ènìyàn síṣẹ́, bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe máa ń ṣe fún ọ̀gá wọn. Inú ọ̀gá dùn, ó gbé e kọ́ sẹ́yìn àga rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Gbénró wọlé lọ gba bàtà iṣẹ́ tuntun. Ọ̀gá wo ojú rẹ̀, ó wo ògiri, ó tún wo ojú rẹ̀. Ó ní ta nìyẹn. Gbénró ní, “Èmi ni, sà.”

Ọ̀gá náà kò pariwo. Ó ní ó ti parọ́ wọlé. Ó ní bí kò bá tiẹ̀ parọ́, ta ni yóò máa rán dókítà níṣẹ́ níbí, nígbà tí ọ̀gá àgbà ibi tí wọ́n ti ń po aró pàápàá kò dé yunifásítì? Bàtà tó wá gbà kò bọ́ sí i lọ́wọ́. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ní kó bọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Yẹ̀kínì sìn ín dé géètì. Ó ti gbọ́. Ó ní, “Dókítà, gbogbo èébú tí mo ti bú yín láti ọjọ́ yìí, mo kó o jẹ. Ṣùgbọ́n ti sìgá tí mo máa ń rán yín, òótọ́ ni, ẹ máa ń pẹ́ jù.” Gbénró rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́, Yẹ̀kínì sì wà láàárín wa níbí lónìí.

Ọ̀gbẹ́ni Àlàbá náà wà láàárín wa. Òun ló ń gba àwọn àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹbí kí i. Ìkíni náà ló mọ. Àwọn kan ti sọ pé ẹni tó tẹ kàlẹ́ńdà ló yẹ kí a bi, kì í ṣe ẹni tó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀. Ẹbí ti gbọ́ èyí. Ẹbí kò gbà.

Láti ọdún 2001 ni Gbénró ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB ní ilé léṣìn kan ní Ọgbà. Ó gbin èlú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lẹ́yìnkùlé. Ó ń kọ́ àwọn obìnrin ìjọ wa ní ọṣẹ ṣíṣe àti aró pípo, ó sì ń kọ́ kíláàsì ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó kọ́ ni wọ́n ti wọ yunifásítì. Bí wọ́n bá wá dágbére, á sìn wọ́n dé ojú ọ̀nà, á béèrè orúkọ yunifásítì náà, á ní kí wọ́n bá òun wo ilé kẹ́mísírì ibẹ̀ bó ṣe rí.

Nígbà tí ọdún 2001 parí, Olútóyìn fẹ́ yọ kàlẹ́ńdà náà kúrò lára ògiri. Ó ní ojú òun kò gbà á mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, òun àti onítọ̀hún ni. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ìjà. Gbénró ló là á. Ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá di 2007, ọjọ́ inú rẹ̀ á tún bọ́ sípò, Mọ́ńdè á jẹ́ Mọ́ńdè. Àjíǹde nìkan ni a máa fi bírò tún kọ.”

Yẹ̀kínì, bàbá Uswat, tó wá kí wa lọ́jọ́ náà, ní, “Iléyà wa ńkọ́, Dókítà?”

Gbénró ní, “Iléyà náà, Bàbá Uswat. Ẹ má bínú.” Lẹ́yìn náà ló wo fọ́tò ara rẹ̀, ó ní, “Nígbà yẹn, bóyá ohun tí Bùrọ̀dá ní kí wọ́n kọ síbẹ̀ á ti di òtítọ́.”

Bí ọdún 2007 ṣe di ohun tí gbogbo ilé wa ń retí nìyẹn.

Ó gbìyànjú. Láàárín ọdún 2002 sí 2004, ó lọ dáhùn ìbéèrè iṣẹ́ ní yunifásítì bíi mélòó kan. Àwọn kan ní ó ti dàgbà jù láti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn mìíràn ní kò ní ìrírí tó láti wọlé lókè. Ó ń lọ pẹ̀lú ọ̀kan nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì yẹn, ó ń bọ̀, á sì rọra fi í kọ́.

Ní ọdún 2005, yunifásítì tuntun kan pè é. Ẹbí kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kó wá ní kíá, pé iṣẹ́ wà. Ẹ̀gbọ́n ló wa mọ́tò gbé e lọ. Wọ́n lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kan: Dókítà O. J. Fásùyì. Wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ní kó máa kọ́ kíláàsì. Àwọn aṣojú ìjọba tó ń wò bóyá yunifásítì náà ní olùkọ́ tó tó ló ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó rí Gbénró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lókè. Ẹ̀gbọ́n kò gbọ́ ohun tó ń sọ, kò sì lè yé e bó bá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ méjì ni àwọn aṣojú náà lò. Nígbà tí mọ́tò wọn jáde ní géètì, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì kan wá ń yọ ìwé kúrò lára ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí Dókítà máa lọ ilé, wọn yóò pè é.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ bá wọn fa wàhálà níbẹ̀. Gbénró fà á wọ mọ́tò. A forí lé Èkó. Ó ní, “Wọ́n bi mí ní ìbéèrè, Bùrọ̀dá. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní ewé tútù ni, báwo ló ṣe di búlúù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn, agogo lù. Mo ní kó má dààmú, pé màá parí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Wọn kò pè é. Láti ìgbà náà, bí ó bá ń bomi rin èlú rẹ̀, á máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, Olútóyìn á sì mọ̀ pé ọmọbìnrin yẹn ló ń dá lóhùn. Ó ń wá ọ̀nà tí yóò fi ṣàlàyé rẹ̀ kó yé ẹni tí kò tíì fojú rí ìkòkò aró. Ó ní òun ti rí i. Ó ku kíláàsì.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, àìsàn gbé e dè. Ní ilé ìwòsàn ní Ikẹja, ó bi aya rẹ̀ léèrè bóyá kàlẹ́ńdà náà ṣì wà lára ògiri. Olútóyìn ní ó wà. Ó ní kí wọ́n gbọn eruku rẹ̀, pé ó ti ń sún mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá, ó dákẹ́.

Àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni aya rẹ̀, Olútóyìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Moses, àti ìdílé rẹ̀. Àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta: Ayọ̀tọ́lá, David àti Adéìfẹ́. Ayọ̀tọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, kẹ́mísírì ló ń kọ́. Ẹbí ti bẹ̀ ẹ́ pé kó fi mọ sí dìgírì àkọ́kọ́. Kò tíì dá wa lóhùn. Gbénró kò tíì rí ọmọ ọmọ.

Màmá wa kò sí níbí. Bí a ṣe bá a ni pé òbí kì í débi ìsìnkú ọmọ, ó sì ṣòro fún ẹ̀gbọ́n láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú wọn, wọn kò tíì gbọ́. Kàlẹ́ńdà náà wà lára ògiri wọn ní Ìlúpéjú. Olùkọ́ Àgbà ni wọ́n mọ ọmọ wọn sí. Ẹni tó bá ń lọ sílé nínú yín, tí wọ́n bá ní kó ka ohun tó wà lábẹ́ fọ́tò náà fún àwọn, ẹbí bẹ̀ yín, ẹ kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ọdún 2007 ti dé. Ọjọ́ Ẹtì ni òní, ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní. Ẹni tó bá ní kàlẹ́ńdà náà nílé, kó lọ wò ó: bẹ́ẹ̀ gan-an ló wà níbẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ̀gbọ́n ti fi bírò pa Àjíǹde rẹ́ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin, ó ti kọ ọ́ sí ọjọ́ kẹjọ. Yẹ̀kínì ní kí a fi Iléyà sílẹ̀ di ìgbà tí oṣù bá lé. Ohun tó wà lábẹ́ fọ́tò, a kò fọwọ́ kàn án.

Sùn dáadáa, Gbénró, ọmọ aláró. Ní òwúrọ̀ Àjíǹde, dìde, kí o parí ìdáhùn ọmọ náà.